Ọ̀dàn Ni Wọ́n Wí, Ọ̀dán Ni Mo Gbọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn má baà gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló fa ìyà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ. Ẹkùn mọ orúkọ mi. Ẹfọ̀n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó fi omi tó ń mu lọ́wọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ní kí n máa ka àwọn ẹran tí mo ti pa fún yín, ẹ̀yin tí irun yín dúdú yóò hewú kí n tó dé ìdajì. Ẹ rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn ẹran. Ìtàn igi ni, ìtìjú sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju igi lọ. Bí mo ti lanu yìí, etí mi ti ń gbóná.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wọn ò tilẹ̀ wá dárúkọ ẹ̀sín tó ṣẹlẹ̀ lójú àna. Ẹ̀sín tó bá ṣẹlẹ̀ lójú àna, bí ènìyàn kú tán, ó ń dúró dè é lọ́run ni.

Iwájú ilé mi ní Òkè-Àpáta mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bàbá mi gbin ọ̀dán síbẹ̀ láyé rẹ̀, ìjì ya á lulẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mi ò sì gbin òmíràn. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń gé ẹ̀ka ọ̀dán, tí wọ́n ń rì í mọ́ iwájú ilé wọn kó lè di igi ibòòji, ẹ̀rín ni mo fi ń rín wọn. Mo máa ń sọ pé ẹni tó ni odidi igbó, kí ló fẹ́ fi igi kan ṣoṣo ṣe? Ìyàwó mi, Ìyá Ọdẹ́bùnmi, sọ̀rọ̀ títí ó sú u. Ìdí ọ̀dán Láyíwọlá, aládùúgbò wa tó ń hun agbọ̀n, ló kúkú ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ibẹ̀ náà ló ti ń dirun.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni Ọdẹ́bùnmi. Ọmọkùnrin kan láti Ìsàlẹ̀-Odò rí i, ó wù ú, òun náà sì wu ọmọ mi. Akíndípẹ̀ ni baba ọmọkùnrin náà, arúgbó olóhùn jẹ́jẹ́ kan ni, tí gbogbo ìlú rẹ̀ ń dákẹ́ gbọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána, ó bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó mi ní kí n lọ bá Láyíwọlá sọ ọ́, kó jẹ́ kí àwọn àlejò wa jókòó sábẹ́ ọ̀dán rẹ̀. Mo ní láyé, kí èmi Ọdẹ́rìndé máa kó àna mi lọ jókòó sábẹ́ igi ẹlòmíràn? Mo ní ojú yóò tì mí. Ẹ wo ẹni tó ń sá fún ìtìjú.

Àwọn àna dé, a tẹ́ ẹní fún wọn nínú oòrùn, a gbé àpótí fún àwọn àgbà wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ara mi. Mo ka ti ẹkùn tí mo pa, mo ka ti erin, mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń lu àyà. Mo ti dé orí ìtàn ẹfọ̀n olójú kan nígbà tí àpótí Akíndípẹ̀ dún gbì. Mo rò pé ìtàn mi ló wọ̀ ọ́ lára, mo tilẹ̀ tún gbé ohùn sókè. Àṣé oòrùn ti mú baba náà, ó ti dákú. Wọ́n gbé e dìde kúrò níwájú mi, wọ́n gbé e gba iwájú ilé mi kọjá, abẹ́ ọ̀dán Láyíwọlá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti bu omi sí i lójú tó fi lajú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ṣì wà ní yíyà nídìí ẹfọ̀n olójú kan.

Ẹ̀gbọ́n Akíndípẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ilé tí kò ní ibòòji fún àlejò, àwọn kò lè tọrọ ọmọ níbẹ̀, kí ibòòji kọ́kọ́ wà ná. Bí mo bá gbọ́n, ǹ bá ní kí a jókòó sábẹ́ ọ̀dán náà, níbi tí gbogbo wa kúkú wà, kí a parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú bí ọmọ kan, ìfọ́nnu ni orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Mi ò ní gbin ọ̀dán tí gbogbo ayé ń gbìn fún yín. Igi tí kì í wọ́wé, irú èyí tí àwọn iwin fi ń ṣe ibòòji ní Igbó Àìlópin, òun ni ẹ ó jókòó sábẹ́ rẹ̀."

Akíndípẹ̀ wò mí láti orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, a gbọ́. Bí a bá dé tí a ò bá ibòòji, ẹ má bínú, ọmọ wa yóò wá aya lọ síbòmíràn."

Bí wọ́n ti lọ, Ọdẹ́bùnmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Ó ní ọ̀dán Bàbá Láyíwọlá ti tó òun, òun ò bẹ ẹnikẹ́ni ní igi iwin. Mo ní kó nu ojú, kò tíì mọ baba tó bí i.

Mi ò ní fi ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Mo gbé ìbọn, mo gbé àdá, mo di àpò, mo kọ orí sí ibi tí ẹsẹ̀ àwọn baba mi kò dé, ó sì di ọjọ́ kan mo bá ara mi lẹ́nu Igbó Àìlópin. Ẹnìkan dúró sójú ọ̀nà níbẹ̀. Láti orí dé ìbàdí, ènìyàn ni. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, gbòǹgbò ni, ó pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, bó bá sì gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ a ya, ekòló a máa jáde. Gbòǹgbò-ń-rìn ni wọ́n ń pè é. Kò kí mi. Ó kàn bi mí pé, "Kí lo wá tọrọ?"

Mo ní ọdẹ kì í tọrọ, mímú ni ọdẹ ń mú. Ó tún bi mí pé kí ni mo wá tọrọ. Mo yìnbọn fún un. Ọta wọ inú rẹ̀ lọ, níbi tó wọ̀, ewé tútù hù jáde. Mo fa àdá yọ, mo gé gbòǹgbò kan, méjì rú jáde lójú ibẹ̀, wọ́n wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n wé mọ́ mi níbàdí, wọ́n sì fà mí mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ṣán aṣọ mọ́ òkúta. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì mi. Mo ní kó mọ̀ pé èmi ni mo pa erin ní Òkè-Àpáta. Ìbọn kò ràn mí lọ́wọ́, àdá kò ràn mí lọ́wọ́, ẹnu tí mo gbójú lé kò tilẹ̀ tó nǹkan. Bí mo ti wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ ìjàlọ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lápá ọ̀hún un, ṣé ìjàlọ ti wọ ṣòkòtò yín rí? Ìjàlọ kì í mọ oríkì. Kò mọ baba ẹni, kò mọ ẹran tí a pa. Mo pariwo, mo bú, mo halẹ̀, wọ́n ń gòkè sí i. Gbòǹgbò-ń-rìn bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó tún bi mí pé kí ni mo wá tọrọ. Mo ní irúgbìn ni. Ó ní kí n sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, irúgbìn ni mo wá tọrọ." Kíá ló tú mi sílẹ̀, ó tilẹ̀ bá mi gbọn ìjàlọ kúrò lẹ́yìn. Kí n má tàn yín, èyí tó gbọn ìjàlọ yẹn dùn mí ju ìjàlọ lọ.

Ìlú tó wà láàárín igbó náà, Ìlú Ẹ̀sọ̀ ni. Iwin ni wọ́n, ẹnu wọn wà fún oúnjẹ nìkan, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọn kì í sáré. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó. Ibi tí gbogbo wọn jókòó sí nígbà tí mo dé, abẹ́ igi kan ni, igi tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ìrìn mi. Bí àwa ọdẹ Òkè-Àpáta bá di ara wa lọ́wọ́ mú yí ìdí rẹ̀ ká, a ò ní ká a. Ewé rẹ̀ kéékèèké, ó le, òkè rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, igi tó yí wọn ká ti wọ́wé tán, wọ́n dúró ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bí ewé rẹ̀ kan bá gbó tó bọ́, òmíràn ti wà nípò rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Èso rẹ̀ tó ekùrọ́, ó sì dé fìlà róbótó. Bí mo ti wọ abẹ́ rẹ̀, ara mi tó ń ta mí níbi tí ìjàlọ ti jẹ mí tutù, oorun sì fẹ́ máa kùn mí.

Ìyá Abẹ́-Ewé ni olórí wọn, obìnrin arúgbó tí ara rẹ̀ hunjọ bí èèpo igi tó fẹ̀yìn tì. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní òun yóò pàlọ́ kan fún mi ná. Ó ní, "Mo bí ọmọ kan. Èmi ni mo ń fún un lómi mu. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí mi ò ní rí láéláé, òun ni ọmọ náà yóò gbé jókòó lórí itan. Kí ni ọmọ mi?"

Mo wúkọ́, mo ní ọmọbìnrin tó lọ sí ilé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn ni. Gbogbo ìlú fi imú rẹ́rìn-ín, ó ń dún fínfín bíi ti ẹ̀fọn. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo ti mọ̀ ọ́n, ẹṣin ni. Ẹ̀rín náà tún gòkè. Mo ní odò. Baba arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti dé, òun gan-an ló dáhùn láì la ojú pé, "Igi ibòòji ni." Mo wo ilẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ igi tí kò mọ àlọ́ igi, kí la fẹ́ pè é?

Síbẹ̀ Ìyá Abẹ́-Ewé ṣa èso kan, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá gbìn ín dáadáa, ẹyọ kan tó o. Lẹ́yìn náà ló sọ ibi tí màá gbìn ín sí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ohùn tó bá gba imú jáde, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń rìn ní pẹrẹsẹ. Ọ̀rọ̀ tó sọ, "ọ̀dán" ni etí mi mú nínú rẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀, mo fẹ́ ní kó tún un sọ. Ìgbà náà ni mo rántí ẹ̀rín fínfín yẹn. Mo ní nínú ara mi pé ọdẹ tó ń gbọ́ ìrìn èkúté lábẹ́ ewé gbígbẹ, kò yẹ kó sọ pé òun ò gbọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́ ketekete.

Mo dé ilé, mo wọlé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Mo gba àyè lọ́wọ́ Láyíwọlá, mo gbin èso náà sábẹ́ ọ̀dán rẹ̀ gan-an, ní ìdí pẹ́kípẹ́kí. Mo ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé ọgbọ́n àwọn iwin nìyẹn, pé igi kékeré ní láti kọ́ ibòòji lọ́dọ̀ àgbà igi. Ẹnu mi dùn débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà mí gbọ́, Láyíwọlá náà sì bá wọn mi orí.

Èso náà hù. Mo kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó, a mu ẹmu lé e lórí. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í wọ abẹ́ ọ̀dán. Igi mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sọ́tùn-ún, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sósì, ó ń wá oòrùn kiri, ó tín-ín-rín bí òwú. Omi tí mo ń pọn fún un láàárọ̀ lálẹ́, ọ̀dán ló ń mu ún. Òjò ò tíì dá tí ewé rẹ̀ fi pọ́n, tó tẹ̀, tó sì kú. Ọ̀dán Láyíwọlá nìkan ló sanra. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti gbà á ní Òkè-Àpáta pé bí ènìyàn bá ṣe làálàá lásán, wọ́n á ní ó gbin igi sábẹ́ igi. Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́, ẹ ò sì mọ̀ pé ara mi lẹ ń sọ ọ́ sí.

Mi ò jáde mọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn ènìyàn níta, mo ń sá wọ yàrá. Ọdẹ́bùnmi ló bá mi níbẹ̀. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ padà lọ bi wọ́n."

Mo ní kí n padà lọ sọ fún wọn pé mi ò gbọ́? Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, èwo ló tóbi jù lójú yín? Ìtìjú yín ni, àbí èmi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dojú kọ erin. Erin ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo padà sí Igbó Àìlópin láì gbé ìbọn. Bí Gbòǹgbò-ń-rìn ti rí mi lókèèrè ló ti kó gbòǹgbò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa kọjá. Kò bi mí ní nǹkan kan, kò sì bá mi jà. Ǹ bá fẹ́ kó bá mi jà. Nígbà tí mo dé Ìlú Ẹ̀sọ̀, mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ní kí n gbìn ín sí?"

Ó bi mí pé níbo ni mo gbìn ín sí. Mo ní abẹ́ ọ̀dán.

Ẹ̀rín fínfín bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń tàn kálẹ̀ títí tí ewé igi fi ń gbọ̀n. Ìyá Abẹ́-Ewé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ di ihò imú rẹ̀ méjèèjì, ó la ẹnu tí kò fi sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀, ohùn jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Ó ní, "Ọ̀dàn ni mo wí, ọmọ mi. Ọ̀dàn. Pápá gbalasa, níbi tí kò sí igi, tí kò sí ògiri. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Mo ní, "Ojú ló tì mí, Ìyá."

Ó fi ẹnu náà sọ ìyókù fún mi, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní igi náà kì í ṣe igi iwájú ilé, pé bó bá dàgbà, orí rẹ̀ yóò bo agboolé, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì tú ìpìlẹ̀ ilé tó bá wà nítòsí. Ó ní kí n máa bomi sí ìdí rẹ̀ títí yóò fi rin ilẹ̀ wọlé, kí n má kàn máa wọ́n ọn lórí ewé. Ó ní kí n máa ro ìdí rẹ̀ kó mọ́ nítorí iná. Èyí tó ba ọkàn mi jẹ́ jù ló fi parí rẹ̀. Ó ní ní ọdún tí a bá gbìn ín, abẹ́ ilẹ̀ ni igi náà ń dàgbà sí, kí n má retí nǹkan púpọ̀ lókè. Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ó tún un sọ. Mo tún ní kó tún un sọ. Àwọn iwin rẹ́rìn-ín títí ó rẹ̀ wọ́n, èmi náà sì ń béèrè lọ. Ó fún mi ní èso mìíràn, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọ̀dàn tó wà lẹ́yìn ìlú wa, tí ẹ mọ̀ dáadáa, àárín rẹ̀ ni mo gbìn ín sí. Ewúrẹ́ wá, mo lé e. Màlúù wá, mo lé e. Mo ń ro ìdí rẹ̀ káàkiri títí ó fi mọ́ bí ojú agbo. Mo ń pọnmi láti odò wá, àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wo ọdẹ tó ń ru ìkòkò bí ìyàwó tuntun. Igi náà hù, ó tọ́, ewé rẹ̀ dúdú, abẹ́ rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò sì ga ju ojúgun mi lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni iná dé. Ta ló tiná bọ ọ̀dàn? Àwa ọdẹ náà ni. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń sun ún láti fi lé ẹran jáde, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣáná sí i. Lọ́dún náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sun ún láì rí mi, wọ́n rò pé mo ti kúrò nínú ọdẹ. Mo bá iná náà jà lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹ̀ka tútù, mo ń lù ú, ó ń lù mí. Irun ojú mi jó, ìsàlẹ̀ ẹ̀wù mi jó. Nígbà tó kọjá lọ tán, ọ̀dàn dúdú láti ìkángun kan dé ìkángun kejì, àfi ojú ilẹ̀ tí mo ti ro, tí igi kékeré náà dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn àna dé. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má yà sílé, ọ̀dàn ni kí wọ́n wá. Mo rò ó pé kí n sá. Mo ti di àpò mi tán kí Ìyá Ọdẹ́bùnmi tó gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń bọ̀ lórí eérú, gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń wá igi náà lójú ọ̀run. Wọ́n sún mọ́ wa títí, wọ́n ṣì ń wòkè. Akíndípẹ̀ bi mí pé níbo ni igi náà wà. Mo na ìka sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Èèrà gan-an yóò tẹ orí ba kó tó lè wọ abẹ́ rẹ̀." Àwọn obìnrin tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Ọdẹ́bùnmi tó gbé ojú kúrò lára mi. Ọmọkùnrin tó fẹ́ ẹ wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, òun náà ń wo ilẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó wá tọrọ ọmọ níí dọ̀bálẹ̀. Baba ìyàwó a jókòó, a fẹ àyà, a máa ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Èmi baba ìyàwó ni mo nà gbalaja sínú eérú níwájú baba ọkọ. Mo ní, "Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà. Wọ́n ní ọ̀dàn, mo gbọ́ ọ̀dán, mi ò sì béèrè. Igi tí mo ṣèlérí rèé, ẹ̀ẹ̀rùn yìí kò tó o."

Oòrùn ń ta. Ẹ̀rù ń bà mí pé baba náà yóò tún dákú, kí n wá pa á pátápátá. Mo gbọ́ tó ní kí wọ́n gbé àpótí òun wá. Ó jókòó ti igi náà, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó na ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́ síbi tí òjìji ewé kéékèèké náà balẹ̀ sí, ó sì ń wò ó.

Ó ní, "Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi ti wà ní ibòòji."

Lẹ́yìn náà ló wò mí níbi tí mo nà sí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ibo la ti rí baba ìyàwó tó ń dọ̀bálẹ̀? Àwa la wá tọrọ ọmọ." Ó dìde lórí àpótí, arúgbó náà, ó kó agbádá funfun rẹ̀ jọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn ọkùnrin ìdílé wọn dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, gbogbo funfun wọn di dúdú. Ojú Akíndípẹ̀ kọjú sí ojú mi lórí ilẹ̀, igi kékeré náà wà láàárín wa, eérú wà lára irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "A bẹ̀ yín, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Èmi tí mo lè ka oríkì ara mi láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìyá Ọdẹ́bùnmi ló bá mi dáhùn pé a ti fún wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn, wọ́n ń pa obì, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, mo dojú bolẹ̀, nítorí mi ò mọ ibi tí ènìyàn ń gbé ojú sí bí wọ́n bá ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo ti sọ ọ́ dé òpin. Ẹni tí kò bá gbọ́ apá kan níbẹ̀, kó bi mí kó tó lọ sílé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ máa lọ. Ojú ṣì ń tì mí.